Ṣé O Mọ̀ Pé Bàtà Kò Sí Lẹ́sẹ̀ Rẹ?

Ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Tí o bá wà lórí ìdúró, wá àga, tí kò bá sí àga, fi ìdí lélẹ̀, kí o wo ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì dáadáa. Ṣé bàtà wà níbẹ̀? Tí ó bá wà níbẹ̀, mo dúpẹ́. Tí kò bá sí níbẹ̀, ṣé o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àbí ìgbà tí o wolẹ̀ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀? Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n télọ̀ tó ń bá mi kọ ọ́ ti gbé bírò sílẹ̀. Ó ní wọn kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà bí ẹni tó ká olè mọ́lé. Ó ní kí n kí ọ ná. Ó dáa.

Mo kí ọ o. O kú iṣẹ́, o kú wàhálà ìlú ńlá, o kú àdádó. Mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé gogoro yẹn, àwọn tó wà lókè rẹ àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kí ó má jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí etí mi kò lè gbà, torí etí mi ti gba púpọ̀, àyè kò sí níbẹ̀ mọ́. Tí o bá fẹ́ mọ bí a ṣe wà, a wà. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò sórí ibùsùn, mo sì ti gbé ibùsùn kúrò, torí pé apá mi kò ká òrùlé. Káfíńtà tó yẹ kó tún un ṣe jábọ́ láti orí òrùlé ẹlòmíràn, ó jókòó sílé, wọ́n so apá rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ewúrẹ́ bí ìbejì, ọ̀kan kú. Òjò pa bíríkì tí mo tò síta, gbogbo rẹ̀ padà di amọ̀. Ìròyìn ilé nìyẹn. Télọ̀ ní ó ti tó báyìí, kí n wá sọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ láti gba ṣòkòtò iṣẹ́ mi tí ìdí rẹ̀ ya. Kò tíì fọwọ́ kàn án. Ó ní kí n jókòó, òun máa fi máṣíìnì kọjá lórí rẹ̀ kíákíá. Kí n má baà máa bú u bí ó ṣe ń rán an, ó gbé fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n wo ọmọ mi bó ṣe ń jayé nílùú ńlá. Mo wò ó. Ìwọ ni lóòótọ́. O wọ aṣọ funfun, irun rẹ gún régé, yẹtí wà létí rẹ, àpò wà léjìká rẹ, o ń rẹ́rìn-ín, o sì ń rìn lẹ́bàá títì tí ilé gíga wà lọ́tùn-ún lósì. Láti orí dé orúnkún, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ni. Mo wá wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni.

Ọmọ mi, má rò pé ìtìjú ló ń ṣe mí. Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, màá sọ ọ́ níbí kí o má baà máa wá a kiri inú ìwé: ẹ̀rù ń bà mí pé ẹsẹ̀ rẹ ti kú, tí o kò mọ̀, bí ẹsẹ̀ ìyá rẹ ṣe kú tí kò mọ̀. Màá ṣàlàyé. Télọ̀ ní kí n máa sọ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ.

Mo bi í pé níbo lo ń lọ. Ó ní o kò lọ síbì kan, o kàn ń rìn ni. Ìyẹn kò fi mí lọ́kàn balẹ̀ rárá. Ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀, mo sì ń wò ọ́. Ọkùnrin kan gbé báàgì kọ́ èjìká, ó kọjá lára rẹ, ó wo ẹsẹ̀ rẹ, ó wo ojú rẹ, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kò burú. Kò pẹ́, ọkùnrin kan náà tún yọ, ó tún wo ẹsẹ̀ rẹ, ó tún wo ojú rẹ, ó tún yà. Lẹ́yìn ìyẹn ó tún yọ. Mo ní ọkùnrin yìí ń tẹ̀ lé ọmọ mi. Ìwọ sì ń rẹ́rìn-ín, o kò wẹ̀yìn. Mo kígbe sínú fóònù pé kí o sá, kí o sá wọ inú ìsọ̀ tó wà lápá ọ̀tún rẹ. Télọ̀ gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Ó sáré wá, ó ní ìrìn kan ṣoṣo ni, pé fóònù ló ń dá ọ padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní ta ló fún fóònù láṣẹ láti máa dá ọmọ ọlọ́mọ padà sẹ́yìn lójú ọ̀nà? Tí ẹsẹ̀ bá ń ro ó ńkọ́? Mo gba ṣòkòtò mi, mo lọ sílé, mi ò sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà lọ. Mo ní kí ó ṣí i kí n wò ó bóyá o ti dé ibi tí o ń lọ. O kò tíì dé. O ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pa á kí o lè sinmi.

Kí ó tó pa á, mo rí àwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n tò sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Ọkàn pupa wà níbẹ̀. Télọ̀ ní àwọn tó fẹ́ràn rẹ ló fi í síbẹ̀, pé wọ́n pọ̀ ju àwọn tó ń gbé àdúgbò wa lọ. Mo ní nínú gbogbo àwọn tó fẹ́ràn rẹ yìí, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní sálúbàtà tó lè yá ọ? Lẹ́yìn ìyẹn mo rí àwọn orí kékeré aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n to ara wọn lọ bẹẹrẹ, omi sì ń dà lójú gbogbo wọn. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń sunkún sí. Ó ní ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Mo ti sin ènìyàn, ọmọ mi. Mo mọ ẹkún tí mo bá rí i. Tí àwọn àjèjì bá ń sunkún lé ọ lórí tó báyẹn, wọ́n mọ ohun tí èmi tí mo bí ọ kò mọ̀.

Mo ní kí ó ka ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀ fún mi. Ó kà á, ó ní o kọ ọ́ pé o bọ́ bàtà rẹ kí ẹsẹ̀ rẹ lè tún mọ ilẹ̀ lára. Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọkàn mi balẹ̀, pé àṣà tuntun ni, pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó sínú ọ́fíìsì látàárọ̀ ń kóra jọ lọ́jọ́ ìsinmi láti máa rìn láìwọ bàtà, pé ara wọn máa ń yá lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ bọ́ bàtà yàtọ̀ sí ẹni tí bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ní báwo ló ṣe dúró sí ìsọ̀ rẹ̀ tí ó fi mọ èwo ni tìrẹ? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ṣé ó máa ń wá ilẹ̀ kiri? Ilẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lára mọ́ ló ń wá a. Télọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé òwú.

Èyí tó pa mí jù ni òkúta wẹ́wẹ́. Níwájú ilé kan, wọ́n ń tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n da òkúta sílẹ̀, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ mú. O gba orí rẹ̀ kọjá. O kò fò, o kò tiro, o kò fajú ro, ẹ̀rín yẹn wà lẹ́nu rẹ bí ó ṣe wà. Mo ní kí télọ̀ dá ọ padà sórí òkúta, kí n tún un wò. Ó fi ìka méjì lé ẹsẹ̀ rẹ, ó ń fà á, ẹsẹ̀ ọ̀hún ń tóbi, ó ń tóbi, ó tóbi ju orí mi lọ, mo gbá a lọ́wọ́ kí ó má baà fà á ya. Mo rí ìka ẹsẹ̀ rẹ kejì tó ga ju àtàǹpàkò lọ, ti ìyá rẹ gan-an ni. Mo rí ohun dúdú kan lára àtàǹpàkò. Télọ̀ fi aṣọ nu ojú fóònù, ó ní epo máṣíìnì ni. Ó nù ún tán, dúdú ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀. Ó ní òjìji ni. Mo ní òjìji kí ni yóò dúró lórí ìka kan ṣoṣo?

Ṣé o rántí pé ìwọ lo máa ń ké jù lórí òkúta? Nígbà tí o wà ní kékeré, o kì í lè kọjá ẹ̀yìn ilé láìjẹ́ pé ẹnì kan gbé ọ. Èèrà tó bá rìn lórí ẹsẹ̀ rẹ, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Ìyá rẹ máa ń sọ pé ẹsẹ̀ rẹ kò bá ti ilé wa mu, pé a bí ọmọ tó máa fi ọkọ̀ rìn. Ọmọ yẹn ló wá ń rẹ́rìn-ín lórí òkúta ẹlẹ́nu mímú yìí.

Mo ní kí télọ̀ pè ọ́. Ó pè ọ́, obìnrin kan ló gbé e. Mo kí i, n kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ jọ ti ẹni tó kàwé. Kò kí mi padà. Ó ní o kò sí nítòsí. Mo ní kò burú, ìyá, ẹ jọ̀ọ́, tó bá dé, ẹ bá mi wò ó bóyá ọgbẹ́ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má bi í o, ẹ wò ó fúnra yín, torí ó lè sọ pé kò sí, kí ó sì wà níbẹ̀. Ó tún sọ pé o kò sí nítòsí. Mo ní mo ti gbọ́. Ó gbé fóònù sílẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ rẹ ni o, n kò bú u, ṣùgbọ́n bí ó bá jíṣẹ́ fún ọ, jẹ́ kí n mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ tó ń ta ọṣẹ ti gbọ́. Ta ló sọ fún un, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n télọ̀ ń wo ilẹ̀ bí mo ṣe ń sọ èyí. Ó wọlé wá pẹ̀lú ìbòrí lọ́wọ́ àti ẹkún lẹ́nu, ó ní ọkùnrin kan ti gbé bàtà rẹ sá lọ. Kí n tó dáhùn, ó ní rárá, wọ́n lé ọ kúrò nílé ni. Kí ó tó jókòó, ó ti ní orí rẹ ló yí. Mo ní kí ó mú ọ̀kan nínú mẹ́ta. Ó ní èmi ni mo fà á, pé mo jẹ́ kí o dàgbà sínú amọ̀ láìwọ bàtà, ó sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ó kó gbogbo bàtà àlòkù tó rí ládùúgbò sínú àpò kan, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà mi pé kí n fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo tú u wò. Bàtà ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti òsì nìkan. Mo bi í pé ta ni yóò wọ òsì nìkan. Ó ní kí o ṣáà máa wọ̀ ọ́ ná, òun ṣì ń wá ìkejì. N kò fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé o ti ya wèrè, àwọn tó ń kí mi tẹ́lẹ̀ ń kí mi jẹ́jẹ́ báyìí, bí wọ́n ṣe ń kí mi nígbà tí ìyá rẹ kú.

Mo wá pinnu pé màá wá bá ọ. Mo lọ sí báǹkì láti lọ gba owó ọkọ̀. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán débi pé mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Amọ̀ wà nídìí bàtà mi. Mo ní n kò lè fi amọ̀ tẹ ojú ara mi mọ́lẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo wọlé jẹ́jẹ́. Obìnrin tó wà níwájú mi lórí ìlà gbé báàgì rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé e sí àyà. Ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ wo ẹsẹ̀ mi, ó sún mọ́ ògiri. Ọlọ́dẹ wá bá mi, ó ní òdìkejì títì ni àwọn alágbe máa ń jókòó sí. Mo ní owó mi ló wà nínú ilé yìí. Ó ní gbogbo wèrè ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó dì mí lápá mú, ó mú mi jáde. Mo wọ bàtà mi pẹ̀lú amọ̀ rẹ̀, mo tún wọlé. Ọlọ́dẹ kan náà ni o, ó tẹrí ba, ó ní Bàbá, ẹ káàárọ̀, ẹ wọlé. Kò mọ̀ pé èmi ni. Kò wo ojú mi nígbà àkọ́kọ́.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ló dá kún ẹ̀rù mi. Àwọn ará ìgboro kì í wo ojú ẹni tí kò wọ bàtà. Tí o bá ṣubú lójú títì yẹn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní ènìyàn ṣubú, wọ́n á gbé ọ. Tí o bá ṣubú láìsí bàtà, wọ́n á ní wèrè sùn sílẹ̀, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá. Ọkùnrin oníbáàgì yẹn, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ ná nígbà tí o ṣì wà lórí ìdúró.

Wọn kò sì fún mi lówó náà. Wọ́n ní kí n gbé ìka lé ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ ní kì í ṣe èmi. Mo gbé òmíràn lé e, ó ní kì í ṣe èmi. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ní ìka mi kò bá ti inú ẹ̀rọ mu. Mo ní ti inú ẹ̀rọ wo, mi ò gé ìka kankan fún yín. Ó ní iṣẹ́ bíríkì ti jẹ ojú ìka mi tán, ó ní kí n mú ọmọ mi wá. Mo ní nítorí ọmọ mi ni mo ṣe wá.

Ó tó àkókò kí n sọ ti ìyá rẹ. Mo fẹ́ kí èyí wà nínú ìwé, kí ó má wọ inú fóònù, torí mo ti rí i pé ẹni gbogbo ló ń wo ohun tó bá wà níbẹ̀. Télọ̀ ti búra pé òun kò ní sọ ọ́, mo sì ti sọ fún un ohun tí màá ṣe fún máṣíìnì rẹ̀ tó bá sọ ọ́.

Ẹsẹ̀ lásán kì í ṣe ìtìjú fún mi, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rán ọ nílé ìwé. Ẹsẹ̀ ni a fi ń po amọ̀, ẹsẹ̀ náà ni a fi ń mọ̀ bóyá ó ti kúnná, torí ojú kò lè rí òkúta tó wà nínú rẹ̀. A máa ń fọ ẹsẹ̀, a máa ń wọ sálúbàtà kí a tó jáde sí títì, torí bí àwọn ènìyàn ṣe ń woni, ṣùgbọ́n nínú kòtò amọ̀, ẹsẹ̀ ni ọ̀gá. Ti ìyá rẹ ló dára jù. Òkúta tí kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, ó máa dúró, ó máa wá a pẹ̀lú ìka ẹsẹ̀, ó máa gbé e jáde. Lọ́dún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé amọ̀ ti kúnná nígbà tí òkúta ṣì kún inú rẹ̀. Bíríkì ń bẹ́ nínú ààrò. Àwọn oníbàárà ń kó wọn padà wá, wọ́n ń bú wa. Ìyá rẹ ní amọ̀ ibẹ̀ ni kò dára mọ́. Mo gbà á gbọ́, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò parọ́ fún wa rí. A gbẹ́ kòtò tuntun. Bíríkì tún ń bẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni sálúbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀kan á bọ́, á máa lọ, kò ní mọ̀. Á wọ àárín ìgboro pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, á máa kí àwọn ènìyàn, á máa bá wọn ṣàwàdà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà òun ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá bọ́, màá mú un, màá tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ aṣọ, tí a bá délé màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì rẹ̀. Wọ́n ní mo ti di ọmọ ọ̀dọ̀ ìyàwó mi. Kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ọjọ́ kan mo jókòó sí yàrá, ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín ilé ìdáná àti ẹ̀yìnkùlé, mo ń gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́ lórí sìmẹ́ǹtì. Mo bi í pé bàtà wo ló wọ̀ tó ń dún báyìí. Ó ní òun kò wọ bàtà. Mo dìde, mo ní kí ó di ògiri mú, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ìṣó páànù ló wọlé sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé ọrùn, orí rẹ̀ nìkan ló kù níta, orí yẹn ló ń dún. Ó ti fi se oúnjẹ, ó ti fi pọn omi. Mo fi ẹ̀mú fà á. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń fà á, ọ̀rọ̀ adìyẹ ni ìyá rẹ ń sọ, adìyẹ aládùúgbò tó ń wá yé sínú igi ìdáná wa, pé tí ẹni tó ni ín bá wá bèèrè ẹyin kí n má dá a lóhùn. Ìṣó jáde, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e, kò dá ọ̀rọ̀ adìyẹ yẹn dúró. N kò tíì gbọ́ ohun tó bà mí lẹ́rù tó ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bó ṣe ń lọ geere.

Dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà ni, pé ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, pé ó ti jẹ ẹ̀mí ẹsẹ̀ náà tán. Ọgbẹ́ ọ̀hún kò jinná. Ó dúdú, ó gòkè. Ìwọ wà lẹ́nu ìdánwò rẹ nígbà náà, ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ibà ni, mo sì sọ pé ibà ni. Òun ló pàṣẹ, mo ṣe é, n kò sì rí ìdí láti tún gbẹ́ ẹ jáde lẹ́yìn tí a sin ín. Mo ti rí ìdí báyìí. Dókítà yẹn sọ pé àìsàn náà máa ń rìn nínú ẹbí, láti ìyá dé ọmọ.

Nítorí náà, àwọn ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Má sọ fún wọn pé ara rẹ le, ìyá rẹ náà ní ara òun le. Sọ fún wọn pé ìtọ̀ ṣúgà ló pa ìyá rẹ. Lẹ́yìn náà, wá ẹnì kan, má ṣe é fúnra rẹ, kí ó fi aṣọ di ojú rẹ, kí ó mú fọ́nrán ìgbálẹ̀, kí ó máa fi kan ìka ẹsẹ̀ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì máa sọ èyí tó ń kàn. Tí ó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ tó gbé fóònù ni, sọ fún un pé kí ó má yàn ọ́ jẹ.

Télọ̀ ní kí n tún sọ fún ọ pé ó lè jẹ́ pé kò sí nǹkan tó ṣe ọ́. Ó ní ó lè jẹ́ pé òkúta yẹn dùn ọ́, o kàn ń rẹ́rìn-ín torí àwọn tó ń wò ọ́ ni. Tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, o máa bínú sí mi, o máa ní bàbá rẹ ti darúgbó, ó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Bínú. Mo lè gbé ìbínú rẹ. Ohun tí n kò lè gbé mọ́ ni kí n tún máa rìn lẹ́yìn ẹnì kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, ti àlọ nìkan. Télọ̀ ní kí o fi í sínú fóònù òun. Mo ti ní kí ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kí n wò ó, àyè tó wà níbẹ̀ kò gba owó bébà kan láìká a, nítorí náà ká a dáadáa. Ọjọ́ tí mo bá gbà á ni màá wọ ọkọ̀. Wá pàdé mi níbi tí ọkọ̀ máa já wa sí. Bóyá o wọ bàtà tàbí o kò wọ̀, n kò bá ọ jà. Má kúnlẹ̀ kí mi. Má gba ẹrù lọ́wọ́ mi. Bọ́ bàtà, na ẹsẹ̀ rẹ síwájú níbẹ̀, lójú gbogbo èrò, màá sì fi bàtà mi tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Má fara dà á nítorí àwọn ènìyàn. Má rẹ́rìn-ín. Kígbe mọ́ mi, kí o bú mi, kí wọ́n rò pé àwa méjèèjì ló ya wèrè.

Kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́. Kí ó jẹ́ pé ìwọ ló máa sin mí. Àdúrà tó kù, télọ̀ ní òun kò ní kọ ọ́, pé kò sí bàbá tó ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Mo ti gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti dá a padà fún un torí n kò mọ̀ ọ́n kọ, mo ní kọ ọ́, ó ń kọ ọ́ báyìí: kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó dùn ọ́. Kí ó dùn ọ́ gan-an, ọmọ mi. Kí ó dùn ọ́ títí omijé á fi bọ́ lójú rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ.